Ìnfátà Wo Ló Yẹ Ilé Tó Fẹ́ Lo Iná Oòrùn? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Rà

Iná DC (tó ń ṣàn sí ọ̀nà kan ṣoṣo) ni páńẹ́lì àti bátìrì ń pèsè, bẹ́ẹ̀ iná AC (tó ń yí ọ̀nà padà léraléra, irú iná ìlú) ni ọ̀pọ̀ ohun èlò inú ilé ń lò. Ìnfátà ló ń sọ ti àkọ́kọ́ di èkejì. Iye agbára tí wọ́n kọ sí iwájú ẹ̀rọ náà ni olùrà sábà máa ń kọ́kọ́ wò, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè ni bí ẹ̀rọ náà yóò ti ṣe nígbà tí iná ìlú bá lọ.

Èyí tí wọ́n ń pè ní grid-tie, tí wọ́n so mọ́ iná ìlú, kì í lo bátìrì, nítorí náà owó rẹ̀ sábà máa ń kéré jù. Àmọ́ bí iná ìlú bá ti lọ, òun náà á dákẹ́, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn ganrínganrín. Èyí kì í ṣe àbùkù rárá; wọ́n dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀ kí iná má baà ti inú ilé gba orí wáyà òde lọ pa òṣìṣẹ́ tó ń tún un ṣe ni. Off-grid kò gbára lé iná ìlú, bátìrì ló fẹ̀yìn tì, ó sì pọn dandan kí bátìrì náà tó ilé lò ní ọjọ́ tí òjò bá ṣú mọ́jú. Hybrid ń lo páńẹ́lì, bátìrì àti iná ìlú pọ̀. Owó rẹ̀ pọ̀, síbẹ̀ òun ni mo fara mọ́ níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀. Níbi tí iná kì í ti í sábà lọ, grid-tie ti tó.

Ní ti irú iná tó ń jáde, pure sine wave (èyí tí iná rẹ̀ ń lọ sókè sódò geere bíi ti iná ìlú) ni kí ẹ rà. Modified sine wave (èyí tó kàn ń fara wé e) dínwó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí mọ́tò gbóná, kí ó sì máa kùn.

Ìwọ̀n ẹ̀rọ náà ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Nígbà tí firíìjì tàbí ẹ̀rọ tó ń fa omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tan, ó lè gba iná ìlọ́po mẹ́ta títí dé méje iye tó ń lò nígbà tó bá ti ń ṣiṣẹ́ geere. Ìnfátà tó ní tiransífọ́má ńlá nínú (ẹni tó bá ti gbé e rí mọ̀ pé ẹrù ni) sábà máa ń fara da irú ìfàlójijì bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, nígbà tí èyí tó fúyẹ́ lè tètè pa ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó wúwo sábà máa ń jẹ iná jù, àní nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tan nǹkan kan: èyí tó bá ń jẹ wáàtì 50 lásán yóò ti jẹ 1,200 Wh (wáàtì-wákàtí) láàárín wákàtí 24. Bí ilé kò bá ní ju tẹlifíṣọ̀n, gílóòbù àti kọ̀ǹpútà lọ, èyí tó fúyẹ́ ló dára jù.

Ẹ má ṣe ka kVA (ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń kọ sára ìnfátà) sí kW (ẹgbẹ̀rún wáàtì): bí power factor, ìyẹn ìpín kVA tó ń di wáàtì gan-an, bá jẹ́ 0.8, wáàtì 4,000 ni 5 kVA lè gbé. Ẹ wo fọ́ltì bátìrì pẹ̀lú, nítorí pé láti fún ilé ní wáàtì 3,000, ìnfátà 12 V yóò fa ámpù 250 ó kéré tán, èyí tó ń béèrè wáyà tó nípọn gan-an, nígbà tí ti 48 V yóò fa nǹkan bí 63 ó kéré tán.