Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin olọ́kọ̀ akẹ́rù ní ilẹ̀ Okun: ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta "pọ́ǹpù kílọ́ọ̀ṣì alágbára"

Ẹ̀yin olọ́kọ̀ akẹ́rù, ẹ̀yin awakọ̀ àti ẹ̀yin mẹkáníìkì wa láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, ẹ kú okun o. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹnikẹ́ni tó bá ní ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tí a ń fi ọwọ́ yí gíà rẹ̀, ì báà ṣe Hilux, ì báà ṣe Canter, ì báà sì ṣe àwọn ńláńlá tó ń kó sìmẹ́ńtì jáde láti Ọbájánà. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ti gáréèjì kan bọ́ sí òmíràn, tí wọ́n ń sọ fún àwọn awakọ̀ pé kílọ́ọ̀ṣì wọn ti rẹ̀, pé àwọn ní pọ́ǹpù alágbára, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, tí yóò mú kí pẹ́dà fúyẹ́, tí gíà yóò sì máa wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Irọ́ gbáà ni. Pọ́ǹpù àlòkù tí wọ́n fi ọ̀dà kùn ni wọ́n ń tà, tí wọ́n sì ń gba owó tuntun lé e lórí, ìwọ̀n rẹ̀ kì í sì í sábà bá ọkọ̀ tí wọ́n fi í sí mu.

Canter tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń kó iṣu àti kaṣú láti Ìsánlú lọ sí Ìlọrin ni mo fi rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Inú gáréèjì ni wọ́n ti de pọ́ǹpù náà mọ́ ọn, wọ́n ní kí awakọ̀ tẹ pẹ́dà wò, ó tẹ̀ ẹ́, ó fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì sanwó. Kò pẹ́ tí gíà kìíní fi ń ké nígbà tó bá ń wọlé, nígbà tí ó sì yá, àfi kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì kó tó lè kì í bọ̀ ọ́. Lórí òkè kan lójú ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀, pẹ̀lú iṣu lẹ́yìn ọkọ̀, kò wọlé mọ́ rárá, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn. Ọpẹ́lọpẹ́ òkúta tí ọmọ ọkọ̀ tètè fi há táyà lẹ́sẹ̀. Nígbà tí a tú gíabọ́ọ̀sì, eyín gíà ti jẹ, owó tí a fi tún un ṣe sì ju owó pọ́ǹpù lọ fíìfíì.

Ìfúyẹ́ pẹ́dà yẹn ni wọ́n fi ń mú ènìyàn, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ kó yé tọmọdé tàgbà. Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, pọ́ǹpù òkè tó wà lẹ́bàá pẹ́dà á ti ọ́ìlì gba inú páìpù lọ bá pọ́ǹpù ìsàlẹ̀ tó wà lẹ́bàá gíabọ́ọ̀sì, èyí á ti fọ́ọ̀kì, fọ́ọ̀kì á ti bíárìn, bíárìn á sì tú awo kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Bí ihò pọ́ǹpù òkè bá ṣe fẹ̀ tó ni ọ́ìlì tó ń tì jáde ṣe ń pọ̀ tó. Bí wọ́n bá yọ pọ́ǹpù tí ihò rẹ̀ jẹ́ mílímítà 19, tí wọ́n fi èyí tó jẹ́ mílímítà 16 rọ́pò rẹ̀, pẹ́dà á fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ́ìlì tó ń dé ìsàlẹ̀ á dín kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Fọ́ọ̀kì kò ní rìn dé ibi tó yẹ kó dé, awo kílọ́ọ̀ṣì kò ní tú tán, ẹ́ńjìnnì á sì ṣì máa yí gíabọ́ọ̀sì nígbà tí awakọ̀ ń gbìyànjú láti ki gíà bọ̀ ọ́. Nínú gáréèjì, níbi tí ọkọ̀ ti dúró láìlẹ́rù, tí gbogbo nǹkan sì tutù, awakọ̀ lè má fura. Ẹ̀yìn ìgbà tí ẹrù bá ti wà lẹ́yìn, tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, tí ọ̀nà sì dojú kọ òkè, irú èyí tí àwọn tó ń gba Ìyàmoyè lọ sí Òmùò mọ̀ dáadáa, ni àléébù rẹ̀ máa ń jáde, nígbà yẹn sì rèé, ẹni tó tà á ti lọ.

Àwọn mìíràn ń ṣe òdìkejì: wọ́n á gbé pọ́ǹpù òkè tí ihò rẹ̀ fẹ̀ ju ti ọkọ̀ lọ wá, wọ́n á ní agbára ló fi pọ̀. Ìyẹn á mú kí pẹ́dà le sí i ni, ó sì lè ti bíárìn kọjá ààlà títí yóò fi ba sípíríǹgì tó wà lára púrẹ́ṣọ̀ pílétì, irin tó ń tẹ awo kílọ́ọ̀ṣì mọ́ ẹ́ńjìnnì, jẹ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ara pọ́ǹpù tiyín tí wọ́n tú sílẹ̀. Wọ́n sábà máa ń kọ ìwọ̀n ihò sí i lára, yálà ní mílímítà tàbí ní ínṣì, bíi 5/8 tàbí 3/4. Bí ìwọ̀n tiyín àti ti èyí tí wọ́n gbé wá kò bá bára mu, ẹ má jẹ́ kí wọ́n de nǹkan kan mọ́ ọkọ̀ yín.

Mi ò sọ pé kò sí ọ̀nà tí a fi lè mú kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ sunwọ̀n sí i. Rọ́bà gígùn tí ọ́ìlì ń gbà kọjá, bí ó bá ti gbó, á máa wú nígbà tí a bá tẹ pẹ́dà, agbára ẹsẹ̀ á sì máa ṣòfò síbẹ̀. Ẹni tó bá fi èyí tí wọ́n hun wáyà irin bò rọ́pò rẹ̀ yóò rí ìyàtọ̀. Pípààrọ̀ pọ́ǹpù òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ní ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ fọwọ́ sí, pẹ̀lú ọ́ìlì tuntun àti fífa gbogbo atẹ́gùn jáde kúrò nínú páìpù, iṣẹ́ gidi ni. Ní ti àwọn ọkọ̀ ńlá bíi Howo, atẹ́gùn ń ran ọ́ìlì lọ́wọ́ nínú sẹ́fò kílọ́ọ̀ṣì wọn, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dín agbára tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń lò kù. Ẹni tó bá ní kí ẹ ra pọ́ǹpù nítorí pé pẹ́dà le, láìkọ́kọ́ yẹ atẹ́gùn àti sẹ́fò wò, ọjà rẹ̀ ló fẹ́ tà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ pọ́ǹpù tí wọ́n kùn, ẹ rẹ àkísà sínú epo pẹtiróòlù díẹ̀, kí ẹ fi nù ún lára. Ọ̀dà gáréèjì lè bá àkísà lọ, kí ojú ìpata àtijọ́ sì hàn lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti ń fi sípánà dè é: pọ́ǹpù tuntun kì í ní àpá sípánà. Bí ọ̀dà bá wọ inú ojú skúrù, tàbí tó bo nọ́ńbà mọ́lẹ̀, ẹ dá a padà. Èyí tó ṣe kókó jù ni pé kí wọ́n ṣí rọ́bà ẹnu rẹ̀ níṣojú yín, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò. Inú ihò gbọ́dọ̀ máa dán bíi dígí. Bí ẹ bá rí ihò kéékèèké tí ìpata ti jẹ, tàbí ìlà tí nǹkan ti ha, rọ́bà tuntun yòówù tí wọ́n ìbáà fi sí i, ọ́ìlì yóò jò gba ibẹ̀.

Ọ́ìlì tí wọ́n ń dà sínú pọ́ǹpù pẹ̀lú nílò ìṣọ́ra. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wa ń lo ọ́ìlì bíréèkì DOT 3 tàbí DOT 4 fún kílọ́ọ̀ṣì, ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí sì máa ń sọ èyí tó yẹ. Àwọn ènìyàn yìí ní ìgò tí wọ́n ti tún rọ nǹkan sí, nígbà mìíràn ó lè jẹ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí ọ́ìlì háídírọ́líìkì. Bí irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ bá kan rọ́bà tí wọ́n ṣe fún ọ́ìlì bíréèkì, rọ́bà á wú, á rọ̀, pọ́ǹpù á sì há. Ẹ kán díẹ̀ sínú ife omi: DOT 3 àti DOT 4 á pòórá sínú omi, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á léfòó. Ẹ má sì gba ìgò tí wọ́n ti ṣí tẹ́lẹ̀, nítorí pé ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 205°C, ṣùgbọ́n èyí tó ti mu omi lè hó ní nǹkan bí 140°C, atẹ́gùn tí híhó yẹn ń mú wá sínú páìpù ló sì ń sọ pẹ́dà di rírọ̀ lójijì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi pọ́ǹpù yín àtijọ́ sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n á sọ pé kò wúlò mọ́, pé àwọn á kàn bá yín jù ú nù, nígbà mìíràn wọ́n á tilẹ̀ dín owó díẹ̀ kù nítorí rẹ̀. Òun gan-an ni wọ́n máa fi sáńpépà ha, tí wọ́n á kùn, tí wọ́n á sì tà fún olọ́kọ̀ mìíràn ní Ìyàrá tàbí ní Mopà gẹ́gẹ́ bí ọjà tuntun. Ẹ̀yin mẹkáníìkì tó ń gba owó ẹ̀yìn lọ́wọ́ wọn kí ẹ lè mú oníbàárà yín lọ bá wọn, ẹ jáwọ́. Ẹ̀mí awakọ̀ àti ọmọ ọkọ̀ ni ẹ fi ń ṣòwò.

Ní ti owó, ẹ má san án sí àkáǹtì tí orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó dúró níwájú yín. Ẹ gba rìsíìtì tí orúkọ ìsọ̀, nọ́ńbà pọ́ǹpù àti nọ́ńbà ọkọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò ní ìsọ̀ tí kò sì fẹ́ kọ rìsíìtì kò ní ibi tí ẹ máa bá a bí nǹkan bá bàjẹ́. Òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀ fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti gba ọjà tó dára, tó sì wúlò fún ohun tí a tà á fún, SON, àjọ tó ń rí sí ìjójúlówó ọjà ní Nàìjíríà, náà sì wà fún ọ̀rọ̀ ọjà ayédèrú. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá ti ta pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀ fún, kó má jù ú nù nínú ìbínú. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n tó tú u àti lẹ́yìn tí wọ́n tú u, ẹ tọ́jú páálí rẹ̀, ẹ̀rí owó tí ẹ san àti nọ́ńbà fóònù tí wọ́n fi pè yín, kí ẹ sì kó gbogbo rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó súnmọ́ yín kí wọ́n tó yí nọ́ńbà náà padà.