Kíláàsì perspective orí íntánẹ́ẹ̀tì yìí dára, àmọ́ ẹ fo fídíò tó gbẹ̀yìn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ya tábìlì tí nǹkan orí rẹ̀ ń fẹ́ yọ̀ ṣubú, ẹ̀yin ni wọ́n ṣe kíláàsì yìí fún. Perspective nìkan ni olùkọ́ dájú sọ: bí ohun tó jìnnà ṣe máa jìnnà, tí èyí tó wà nítòsí á sì wà nítòsí, lórí bébà tó tẹ́ pẹrẹsẹ.

Iṣẹ́ ife ló dùn mọ́ mi jù. Ó ní ká gbé ife sórí tábìlì, ká lóṣòó títí ojú wa á fi bá ẹnu ife dọ́gba. Ẹnu ife á di ìlà kan ṣoṣo, tín-ín-rín. Ká wá máa dìde díẹ̀díẹ̀: ìlà yẹn á là, á dà bí ẹyin tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa fẹ̀ sí i, títí a ó fi nàró tẹjú mọ́ ọn látòkè, tí yóò wá rí róbótó. Ife ò sì kúrò níbi tó wà o! Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ya ẹnu ife ní róbótó, tí wọ́n á wá fa ìdí rẹ̀ gbọọrọ bí ìlà rúlà. Ibi méjì ni wọ́n ti wo ife kan náà, ìdí nìyẹn tó fi ń rí bákan.

Ìtàn tó sọ ò pọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, Filippo Brunelleschi, ayàwòrán ilé ará Ítálì, ya ilé ìrìbọmi ìlú Florence sára pátákó, ó dá ihò sí i, ó ní kéèyàn yọjú láti ẹ̀yìn, kó máa wo àwòrán náà nínú dígí tó wà níwájú rẹ̀. Mo fẹ́ràn ihò yẹn gan-an, torí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò ó láti ibòmíràn. Ní 1435, Leon Battista Alberti, ọ̀mọ̀wé ará Ítálì, wá kọ ìlànà perspective sínú ìwé.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni fídíò ìkẹyìn. Olùkọ́ ju pẹ́ńsùlù sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ìwàásù: kálukú ló ní ojú tó fi ń wo ayé, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ẹnìkejì kò tọ̀nà. Ẹ gbà mí! Ṣé ohun tó fi gbogbo kíláàsì kọ́ wa nìyẹn? Tá a bá ń jiyàn, "bí èmi ṣe rí i nìyẹn" la fi ń pa ẹnu ẹlòmíràn mọ́. Nínú àwòrán, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti mú ibi tí ojú yín wà, ibẹ̀ ló máa sọ ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń lọ, kì í ṣe bó ṣe wù yín. Ẹsẹ̀ tábìlì tó bá wọ́, ó wọ́ ni. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà lóòótọ́, àmọ́ ìyẹn ò sọ ọjà di méjì.

Ó tún sáré kọjá ọ̀rọ̀ àwọ̀, bí òkè tó jìnnà ṣe máa ń ṣá tí á fẹ́ jọ búlúù. Ó dùn mí díẹ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ẹni tó fẹ́ ya ojú èèyàn, kó wá ibòmíràn lọ. Ẹni tó fẹ́ ya ilé, yàrá tàbí òpópónà, kó wá rúlà gígùn, kó sì lẹ bébà mìíràn mọ́ ẹ̀gbẹ́ èyí tó ń yà á sí, torí ibi tí àwọn ìlà tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn ti ń pàdé sábà máa ń bọ́ síta bébà.