Ayàwòrán tó ya ẹyẹ fún gbàǹjo ẹgbẹ́ wa, bí mo ṣe rí iṣẹ́ ẹ̀ rèé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé ta ló ya àwọn ẹyẹ tá a lù ní gbàǹjo níbi ìpàdé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa n'Íbàdàn, ẹni tó bá fẹ́ nọ́ńbà ẹ̀ kó kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀, mi ò ní gbé e síta níbí torí òun fúnra ẹ̀ ò fẹ́ kí fóònù òun máa dún ṣáá tóun bá ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, mo sì fẹ́ sọ ọ́ dáadáa torí ó tọ́ sí i.

Owó WAEC àwọn ọmọ tágbára òbí wọn ò ká a la fẹ́ fi gbàǹjo yẹn wá. Tẹ́lẹ̀, kúlà oúnjẹ àti ẹ̀rọ ìlọta la máa ń lù, àwọn èèyàn á fowó sílẹ̀ torí pé ojú ń tì wọ́n, kì í ṣe pé ọjà yẹn wù wọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí a ní ká wá ẹni tó máa ya àwòrán mẹ́rin fún wa, ẹyẹ tiwa, igbó tiwa, ohun téèyàn máa fẹ́ gbé kọ́ sí pálọ̀ ẹ̀ lóòótọ́.

A bá ayàwòrán bíi mélòó kan sọ̀rọ̀. Ohun táwọn tó kù kọ́kọ́ bèèrè ni pé báwo ló ṣe máa tóbi tó, ọjọ́ wo la fẹ́ gbà á, ká fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Eléyìí bi wá pé ẹyẹ wo. A ní agbe, àlùkò àti lékeléke, torí ìwúre tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, agbe ló laró kì í ráhùn aró, àlùkò ló losùn kì í ráhùn osùn, lékeléke ló lẹfun kì í ráhùn ẹfun. Ó ní ó dáa, àmọ́ "ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n lọ wò wọ́n ná." Ó wá bẹ̀ wá pé ká jẹ́ kóun fúnra òun mú ìkẹrin.

Èyí tó mú ni wọ́n ń pè ní Ibadan Malimbe. Ẹ gbọ́ o, ìlú wa ni wọ́n fi sọ ẹyẹ yìí lórúkọ, 1958 làwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kọ́kọ́ kọ nípa ẹ̀, kò sì sí níbòmíì láyé àfi ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà níbí. Ìdílé ẹ̀ga ni, ó ń hun ìtẹ́ bí ẹ̀ga, àmọ́ kòkòrò ló fẹ́ràn láti máa jẹ. Àwọn igbó tó ń gbé ti di oko, wọ́n ti di ilé, ó ti wọ àwọn tí wọ́n ní ó lè parẹ́, igbó tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn yẹn, dá sí lọ́nà Ọ̀yọ́, nǹkan bíi hẹ́kítà 350, sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára ibi tó kù tí wọ́n ti ń rí i. Èmi tí wọ́n bí n'Íbàdàn, ẹnu ọmọ ayàwòrán yìí ni mo ti gbọ́ ọ.

Ó gbàṣẹ, ó wọ igbó yẹn láàárọ̀ kùtù pẹ̀lú ẹnìkan tó mọ ẹyẹ dáadáa, pẹ́ńsùlù àti ìwé kékeré ló mú dání. Ó jẹ́ kí n wo ìwé yẹn. Ọrùn ẹyẹ nìkan ló wà lójú ìwé kan, ẹsẹ̀ tó di ẹ̀ka mú lójú ìwé míì, ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé pupa yìí sọ̀ kalẹ̀ dé àyà. Ìdí tó fi kọ ọ́ ni pé ọmọ ìyá ẹyẹ yẹn kan wà tó jọ ọ́ gan-an, orí àti ẹ̀yìn ọrùn ni tìyẹn ti pupa, àyà ẹ̀ dúdú minimini, tí ayàwòrán bá wá lọ ń da fọ́tò orí Google kọ, wéré báyìí ló máa ya ọmọ ìyá yẹn táá sì pè é ní ti Ìbàdàn.

Àlùkò ni mo fẹ́ràn jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí àlùkò bá bà sórí igi, ẹ ò lè rí osùn ẹ̀ dáadáa, abẹ́ ìyẹ́ ló fi pa mọ́ sí, ìgbà tó bá na apá láti fò lẹ máa tó rí pupa fòò yẹn (wọ́n ní bàbà ló wà nínú àwọ̀ pupa náà, irú bàbà tó wà nínú wáyà iná, ìyẹn yà mí lẹ́nu). Ayàwòrán tí ò bá rí i rí á kàn kùn ún ní pupa látòkè délẹ̀. Èyí ò ṣe bẹ́ẹ̀, ó mú un níbi tó ti ń gbéra, apá kan ti ṣí díẹ̀, pupa yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú. Ti lékeléke náà, funfun ara ẹ̀ kì í ṣe ọ̀dà rárá, ìwé lásán ni, ó kun ojú ọ̀run tó ṣú àti koríko yí ẹyẹ náà ká ó sì fi ara ẹ̀ sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn ẹ máa rí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ti dúró ní etí ìyẹ́ bí ìgbà téèyàn fi abẹ gé e. Ọ̀dà olómi ò sì gba àtúnṣe, tọ́wọ́ bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ìwé míì nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó wá kàn, ibí yìí ni mo sì fẹ́ káwọn ẹgbẹ́ míì tẹ́tí sí. Àwọn kan láàárín wa ní ṣebí iṣẹ́ àánú ni, kó yà á fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní rárá o. Ẹni tó gbé kánópì wá gbowó, oní-mákírófóònù gbowó, olóúnjẹ gbowó, kí ló dé tó fi jẹ́ ayàwòrán nìkan ló máa fiṣẹ́ ẹ̀ ṣàánú? Òun gan-an ló mú àdéhùn tó mọ́gbọ́n wá: ká san owó ìwé, ọ̀dà àti férémù sílẹ̀, tá a bá wá tà, ìdá kan nínú mẹ́ta jẹ́ tiẹ̀, méjì tó kù jẹ́ tàwọn ọmọ. Ó tún ní ká fi iye kan sílẹ̀ tí a ò ní ta àwòrán kankan sísàlẹ̀ ẹ̀, torí tí wọ́n bá lu iṣẹ́ òun ní owó yẹpẹrẹ lójú gbogbo ayé, iye tí wọ́n á máa dá lé òun látọjọ́ náà lọ nìyẹn. Ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni tó bá ra àwòrán ló ni àwòrán, àmọ́ kò lè tẹ̀ ẹ́ sórí kàlẹ́ńdà tàbí T-shirt, ohun tí Òfin Copyright 2022 náà sì wí nìyẹn. Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ wa fẹ́ fi agbe ṣe kàlẹ́ńdà, ayàwòrán ní kò burú, ká jọ jókòó sọ ọ́ lọ́tọ̀.

Férémù ló dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tá a gbé e fún fi páálí lásán sẹ́yìn àwòrán, ó sì gbé gíláàsì lé ọ̀dà lórí gbalaja. Ọmọ yìí ní kó tú gbogbo ẹ̀. Ó ṣàlàyé fún wa pé páálí yẹn máa sọ ìwé di pupa rúsúrúsú bó bá yá, àti pé gíláàsì tó bá kan ìwé nígbà òjò máa lẹ̀ mọ́ ọn, á sì hu. Wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú páálí tó yẹ, wọ́n fi àlàfo sáàárín ìwé àti gíláàsì, ara wa ò balẹ̀ torí ọjọ́ ti súnmọ́lé, àmọ́ inú mi dùn pé kò gbà fún wa.

Ibi tó kù sí? Àwọn àwòrán náà kéré fún gbọ̀ngàn ńlá, àwọn tó jókòó lẹ́yìn ò rí nǹkan kan títí tá a fi gbé wọn sórí projector. Igbó tó kùn sẹ́yìn Malimbe dúdú jù fún mi, ẹyẹ tó dúdú nínú ibi tó dúdú, orí pupa yẹn nìkan ló ń tàn. Tó bá sì ń ṣiṣẹ́ kì í dáhùn lórí WhatsApp, nígbà míì ó di alẹ́ ọjọ́ kejì.

Lọ́jọ́ náà, agbe ló lówó jù, ẹnìkan láti London àti ẹnìkan láti Houston ni wọ́n ń fowó lé ara wọn lórí fídíò, nẹ́tíwọ̀kì sì ń já, ẹni tó ń lu gbàǹjo ní láti máa pariwo iye kí wọ́n lè gbọ́. Malimbe ò yá bẹ́ẹ̀ torí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ọmọ yìí fúnra ẹ̀ ló dìde, ó ka káàdì tó kọ ní Yorùbá nípa ẹyẹ náà, gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́, ọwọ́ kan wá nà sókè, wọ́n tà á ní iye tó fi díẹ̀ ju èyí tá a fi sílẹ̀ lọ. Lójú tèmi, ó yẹ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbéṣẹ́ fún un, ẹ tètè sọ fún un kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀dà ẹ̀ kì í tètè gbẹ nígbà òjò. Ẹ sọ bí ibi tẹ́ ẹ máa lò ṣe tóbi tó kó lè fi mọ ìwé tó máa rà. Iye tó gbà lọ́wọ́ wa, torí àwọn ọmọ onídànwò ni, ẹ má fi dá owó lé e fún ti pálọ̀ yín.