Ìpá apá ọ̀tún, ìwé apá òsì: àgbéyẹ̀wò mi lórí ilé ìwòsàn tí mo ti ṣe iṣẹ́ abẹ

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kí ẹ tó bú mi. Ká ní yàrá iṣẹ́ abẹ nìkan ni, márààrún ni ǹ bá fún wọn. Wọ́ọ̀dù ló bà á jẹ́.

Ìpá ni mo lọ ṣe, apá ọ̀tún. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń fọwọ́ tì í padà sínú, tí mo ń díbọ́n pé kò sí nǹkan kan, títí ó fi di pé bí mo bá fẹ́ wúkọ́, àfi kí n kọ́kọ́ di abẹ́ mi mú. (Ẹ má rẹ́rìn-ín.) Dókítà tó yẹ̀ mí wò ní sùúrù. Ó yàwòrán ibi tí iṣan ikùn ti là fún mi, ó ní àwọ̀n kékeré kan làwọn máa fi dí i. Kí n tó kúrò, dókítà kékeré kan gbé ìwé ìfọwọ́sí wá, mo sì buwọ́ lù ú láìkà á. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mi ò ní purọ́.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n ti bẹ́ẹ̀dì onítáyà mi wọlé. Kí wọ́n tó fún mi lóògùn oorun, nọ́ọ̀sì kan dúró níbi orí mi pẹ̀lú pépà lọ́wọ́. Ó ní kí n dárúkọ ara mi. Mo dá a. Ó ní ọjọ́ wo ni wọ́n bí mi. Mo sọ. Ó ní, "Kí la fẹ́ ṣe fún yín, apá ibo sì ni?" Inú ti fẹ́ máa bí mi, nítorí ẹni kẹta tó máa bi mí láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn. Mo ní ìpá ni, apá ọ̀tún. Ó wo pépà, ó wo ìwé tí mo buwọ́ lù, ó dákẹ́. Ó wá sọ ọ́ sókè tí gbogbo yàrá fi gbọ́: "Ẹ dúró ná. Òsì ló wà nínú ìwé ibí."

Ẹnikẹ́ni ò jágbe mọ́ ọn. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nìyẹn. Dókítà àgbà fúnra rẹ̀ wá wo ibi tó wú, ó ní kí n wúkọ́, ó gba gègé, ó fa ọfà sí apá ọ̀tún. Wọ́n kọ ìwé tuntun, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó buwọ́ lù ú.

Mo ti wá mọ pépà ọwọ́ nọ́ọ̀sì yẹn báyìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ló gbé irú rẹ̀ jáde lọ́dún 2008: ohun 19 tí wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò ní ìgbà mẹ́ta, kí aláìsàn tó sùn, kí abẹ tó kan ara, àti kí aláìsàn tó kúrò ní yàrá. Níbi tó gbẹ̀yìn yẹn ni wọ́n ti máa ń ka abẹ́rẹ́, irinṣẹ́ àti aṣọ tí wọ́n fi ń nu ẹ̀jẹ̀, kí ọ̀kan má bàa ṣẹ́kù sínú ikùn ẹni. Ní ìlú mẹ́jọ tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò, London àti Manila wà lára wọn, àwọn tó ń kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ dín kù láti 1.5 sí 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Pépà lásán o, tí kò lo iná mànàmáná!

Mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì náà lọ́jọ́ kejì. Ó ní ìwé ló ní kí òun béèrè.

Wọ́ọ̀dù ńkọ́? Ara mi kò gba penicillin. Ọmọdé ni mí nígbà tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, ojú mi wú, mi ò lè mí dáadáa. Mo sọ ọ́ fún ẹni tó gba orúkọ mi, mo sọ ọ́ fún dókítà, mo tún sọ ọ́ ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Ní nǹkan bí aago méjì òru, nọ́ọ̀sì kan gbé abẹ́rẹ́ dé. Oorun ṣì ń kùn mí. Ìyàwó mi ló bèèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lorúkọ oògùn yẹn?" Inú bí nọ́ọ̀sì. "Ṣé ẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi ni?" Ìyàwó mi kò bá a jà. Ó kàn fọwọ́ bo ibi tí wọ́n ki abẹ́rẹ́ bọ̀ lọ́wọ́ mi, ó tún bèèrè. Ampicillin ni. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti penicillin.

Nígbà tí mo rí fáìlì mi, mo rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sójú ìwé àkọ́kọ́ pé ara mi kò gba penicillin. Ṣùgbọ́n ìwé oògùn tí nọ́ọ̀sì òru ń mú kiri, ọ̀tọ̀ ni, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, wọ́ọ̀dù tó kún, lóru. Mo gba ìyẹn rò. Ìdáhùn tó fún ìyàwó mi ni mi ò lè gbàgbé. Aláìsàn tí kò ní ẹni tó dúró tì í ńkọ́?

Mo kọ lẹ́tà. Àforíjì tí kò mẹ́nu ba oògùn kankan ni wọ́n fi fèsì. Mo kọ òmíràn, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì wá pè mí, ó sì fara balẹ̀ gbọ́ mi. Mo bi í bóyá wọ́n kọ ọ̀rọ̀ òsì àti ọ̀tún yẹn sílẹ̀. Ó ní wọ́n kọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, àwọn sì ti jókòó sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ti abẹ́rẹ́ òru ńkọ́? Kò sí lákọsílẹ̀ títí lẹ́tà mi fi dé. Nínú ilé kan náà! Lókè, àṣìṣe jẹ́ ohun tí wọ́n ń sọ síta. Ẹ sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn kan péré, ó ti di èébú. Ó ní àwọn ti fàyè sílẹ̀ lórí ìwé oògùn báyìí fún ohun tí ara aláìsàn kò gbà. Mi ò tíì fojú rí i, nítorí náà mi ò fi ìràwọ̀ kún un.

Ìyókù ò burú. Ibùsùn mọ́, ojú ọgbẹ́ jinná, kò ṣe ọyún, wọ́n sì ń gbé fóònù. Bí ìpá bá tún yọ lápá òsì, ibẹ̀ náà ni màá padà sí. Ìyàwó mi ní òun máa gbé ìrọ̀rí tòun lọ, pé àga tí wọ́n gbé fún òun lóru yẹn le jù.