Àgbéyẹ̀wò Mastodon: ojú òpó tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ní Ìjẹ̀bú-Òde

Láti ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fi gbẹ́sẹ̀ lé Twitter ní Nàìjíríà. Ìjọba fúnra rẹ̀ ṣí ojú òpó sórí Koo, ètò tó jọ Twitter, tí àwọn ará Íńdíà ṣe. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 2024, Koo náà kógbá sílé. Nítorí náà, kì í ṣe ìlú tí wọ́n ti ṣe ojú òpó ló yẹ ká kọ́kọ́ bèèrè, bí kò ṣe ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání. Ìbéèrè yìí ló jẹ́ kí a gbé Mastodon, ètò ìbánisọ̀rọ̀ orí ayélujára tó jọ Twitter, kalẹ̀ fún rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì ti lé lọ́dún kan.

Eugen Rochko ló gbé e jáde ní Jámánì ní 2016. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè gbé e sórí server tirẹ̀ (kọ̀ǹpútà tó wà lórí ayélujára nígbà gbogbo), àwọn server náà á sì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí íméèlì ṣe ń ṣe: ẹni tó wà ní Ṣàgámù lórí server míì lè tẹ̀lé ẹni tó wà lórí tiwa.

Orúkọ ìkànnì ni kí ẹ kọ́kọ́ jókòó rò. Ohun tí ẹ bá kọ sí LOCAL_DOMAIN, ibi tí a ń kọ orúkọ ìkànnì sí nínú ètò rẹ̀, kò ṣeé yí padà mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, torí orúkọ yẹn ni àwọn server yòókù fi mọ gbogbo yín. Ẹ wo ẹni tó ń ṣàkóso ìparí orúkọ náà pẹ̀lú. Server Mastodon kan wà tó ń jẹ́ queer.af, ti Afghanistan sì ni ìparí .af; ní oṣù kejì ọdún 2024, ìjọba Taliban ní Afghanistan gba orúkọ náà padà, ó sì parí síbẹ̀.

Server tó ní RAM 2 GB á gbé e dìde, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá ń gbé e lọ sí ẹ̀yà tuntun ló máa kú sí yín lọ́wọ́, níbi assets:precompile, ìyẹn ibi tó ti ń pèsè àwọn fáìlì ojú ìwé rẹ̀. Ẹ gba 4 GB, kí ẹ fi swap 2 GB (apá ibi ìpamọ́ tó ń ṣe bí RAM) kún un. Àyè ìpamọ́ ló ń dààmú ènìyàn jù. Gbogbo àwòrán tí àwọn tí ẹ ń tẹ̀lé ní ibòmíràn bá gbé síta, server yín á gba ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́, ìyẹn ni 40 GB fi ń kún láìjẹ́ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbé nǹkan kan sórí rẹ̀. Ẹ fi «tootctl media remove --days 7», àṣẹ tó ń pa ẹ̀dà tó ti lé ní ọjọ́ méje rẹ́, sínú cron, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ lásìkò tí a bá dá fún un, kó máa ṣiṣẹ́ lóru.

Íméèlì náà ń fa wàhálà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń yáni ní server ló dí ojú ọ̀nà 25 (port tí íméèlì ń gbà jáde), nítorí náà ẹ gba ti 587 lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá ènìyàn fi íméèlì ránṣẹ́, kí ẹ sì ṣe SPF àti DKIM, àwọn àkọsílẹ̀ tó ń fi hàn pé ọ̀dọ̀ yín ni íméèlì ti wá lóòótọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú spam ni lẹ́tà ìforúkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n wa á máa bọ́ sí, wọ́n á sì ní nǹkan náà ò ṣiṣẹ́.

Ní ti kíkọ Yorùbá, ó dùn mọ́ wa nínú gan-an. Àyè lẹ́tà 500 ló fún ohun tí ènìyàn bá kọ lẹ́ẹ̀kan, «ọ́» tòun ti àmì àti ẹ̀sẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan péré lójú rẹ̀. Ẹni tó ń fàmì sórí ọ̀rọ̀ kò pàdánù àyè kankan. Kò sí ìpolówó ọjà, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń wọlé ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé lẹ á ṣe rí i.

Fídíò ni kò rọrùn fún un. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, tí gbogbo ènìyàn bá ń gbé fídíò ẹṣin àti aṣọ ẹgbẹ́ sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ffmpeg, ètò tó ń yí fídíò padà, á gba gbogbo agbára server, iṣẹ́ á tò ní Sidekiq, ìlà tí iṣẹ́ ti ń dúró, ọ̀rọ̀ lásán pàápàá á máa pẹ́. Àwòrán ni kí wọ́n gbé sórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí fídíò di ọjọ́ kejì.

Bí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ bá dí i ńkọ́? Tó bá jẹ́ DNS (ìwé orúkọ tó ń sọ àdírẹ́sì ìkànnì) nìkan ni wọ́n fi dí i, ẹ lọ sí Private DNS nínú Settings fóònù Android, kí ẹ kọ dns.quad9.net síbẹ̀. Tí wọ́n bá dí àdírẹ́sì server gan-an, àfi VPN tàbí Tor, tó ń gba ọ̀nà míì dé ibẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ wa á ṣì máa dé àwọn server yòókù tí wọn kò dí. Torí náà, kí àwọn aṣíwájú ẹgbẹ́ ti ṣí ojú òpó kejì sí server míì ṣáájú, kí wọ́n sì ti máa tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá kó lọ pátápátá, àwọn tó ń tẹ̀lé e á bá a lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ti kọ kò ní bá a lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ àṣírí sínú lẹ́tà ẹni-sí-ẹni orí rẹ̀. Kì í ti ọ̀rọ̀ pa láti ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ ọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà á (end-to-end encryption). Ẹni tó ń mójú tó server lè ṣí dátábéèsì kó kà á. Signal, ètò ìfiránṣẹ́ tó ń ti ọ̀rọ̀ pa, ni kí ẹ lò fún irú ìyẹn.

Lálaalẹ́ ni kí ẹ máa fi pg_dump ṣe ẹ̀dà dátábéèsì, kó wà níbòmíràn, pẹ̀lú àpò public/system, níbi tí àwòrán àti fídíò wà. Fáìlì .env.production, tí ètò server wà nínú rẹ̀, ṣe kókó jù: bó bá sọnù, àwọn kọ́kọ́rọ́ inú rẹ̀ lọ nìyẹn, ẹ̀dà dátábéèsì nìkan ò ní tó láti dá gbogbo nǹkan padà sípò. Ènìyàn méjì ni kó máa tọ́jú rẹ̀. Owó server náà, tó jẹ́ dọ́là, ẹ dá a jọ fún ọdún kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí ẹ bá ń gba owó aṣọ Ojúde Ọba, torí ẹni tó bá ń gbà á lóṣooṣù kò ní rí i gbà lóṣù kẹrin.