Ìkìlọ̀: Ayédèrú ballscrew àti spindle tí kò ní earth

Ẹ̀yin tí ẹ ń to ẹ̀rọ CNC (ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí) tí ẹ ó fi máa gé irin jọ nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Oníṣòwò kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ta gbogbo ẹrù pọ̀ lówó kan: ballscrew (ọ̀pá oníyíyí tó ń ti tábìlì ẹ̀rọ síwájú sẹ́yìn), rail (irin tí tábìlì ń rìn lórí rẹ̀), mọ́tò, driver (ohun tó ń darí mọ́tò), spindle (mọ́tò tó ń yí ọ̀bẹ tó ń gé irin) àti VFD (ẹ̀rọ tó ń fún spindle níná, tó sì ń darí eré rẹ̀). Ó máa ń pààrọ̀ orúkọ ìsọ̀ rẹ̀, nítorí náà ìṣe rẹ̀ ni kí ẹ fi dá a mọ̀.

Kì í fẹ́ kí ẹ sanwó nínú ìkànnì tó ti ń polówó ọjà. Bí ẹ bá ti béèrè nǹkan díẹ̀, á ní kí ẹ wá bá òun ní ìkọ̀kọ̀, pé òun á dín owó kù bí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì òun tààrà. Owó tó bá gba ibẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó máa bá yín gbà á padà. Lẹ́yìn náà ló máa fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́: òǹtẹ̀ wà níbẹ̀, nọ́ńbà wà níbẹ̀, àwòrán ìlà sì wà tó ń sọ pé wọ́n ti wọn ballscrew náà, pé C5 ni, ìyẹn ìpele tí ìrìn rẹ̀ péye ju C7 lọ. Èmi àti ẹnì kan tí òun náà ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ gbé ìwé wa síra. Nọ́ńbà kan náà ni, ìlà kan náà ni, títí dórí ẹ̀kán dúdú kékeré tó wà ní igun ìwé. Bẹ́ẹ̀, ballscrew tirẹ̀ gùn ju tèmi lọ dáadáa.

C7 ló ń tà. C7 fúnra rẹ̀ kò burú o: lórí mílímítà 300, àṣìṣe tí wọ́n gbà á láyè kò ju mílímítà 0.05 lọ, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ilé kò sì nílò jù bẹ́ẹ̀. Ti C5 jẹ́ 0.018. Rola ni wọ́n sábà fi ń tẹ ojú C7 jáde, nígbà tó jẹ́ pé òkúta ni wọ́n sábà fi ń lọ ojú C5, ìdí nìyẹn tí owó wọn fi jìnnà síra. Bí ẹ bá bá a jiyàn, á fi fídíò ránṣẹ́ níbi tí abẹ́rẹ́ dial gauge (aago tó ń wọn ìrìn kékeré) kò ti mira nígbà tí tábìlì yí padà. Ẹ má gbà fún un. Ohun tí fídíò yẹn fi hàn ni pé nut, ìyẹn nọ́ọ̀tì tó ń rìn lórí ballscrew, kò mì lórí rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa bóyá mílímítà 300 tí ẹ ní kó rìn ló rìn.

Ti ballscrew, owó nìkan ló bá a lọ. Ti spindle lè gbẹ̀mí èèyàn.

Pin mẹ́rin ló wà lẹ́nu spindle tó ń tà. Mẹ́ta wà fún iná tó ń yí mọ́tò, ẹ̀kẹrin ló yẹ kó jẹ́ earth, ìyẹn wáyà ààbò tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Mo tú ìdérí orí tèmi: pin kẹrin wà níta, ó ń dán, ṣùgbọ́n kò sí wáyà kankan tí wọ́n jó mọ́ ọn lẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí ohun tó bo wáyà inú mọ́tò bá bó, iná á bọ́ sára spindle, á sì gba ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. Omi ló sì ń tu ọ̀pọ̀ nínú wọn lára! Mo kọ̀wé sí i. Ó ní gbogbo spindle ló rí bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀, ó sì ń tà á lọ.

Àwọn ẹrù yòókù kò ṣeé fọkàn tán. TB6600, tó jẹ́ orúkọ chip kan, ni wọ́n kọ sára driver, ṣùgbọ́n chip mìíràn, TB67S109AFTG, ló wà nínú rẹ̀. Ó máa ń pariwo “NEMA 23” bí ẹni pé agbára mọ́tò ló ń sọ, nígbà tó jẹ́ pé ìwọ̀n ojú mọ́tò, bíi mílímítà 57, ni orúkọ yẹn ń tọ́ka sí. Ẹ bi í ní torque, ìyẹn agbára tí mọ́tò fi ń yí nǹkan.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ ní kó ya fídíò ọjà yín gan-an, kí orúkọ yín àti ọjọ́ wà lórí bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó sì wọn pin kẹrin lójú yín. Inú ìkànnì ni kí ẹ ti sanwó. Bí ẹrù bá dé, ẹ ya fídíò bí ẹ ṣe ń tú u.

Ẹ̀yin tí spindle rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ má tan án mọ́. Ẹ yọ VFD kúrò lára iná, ẹ dúró títí iná kékeré ara rẹ̀ fi kú pátápátá, torí iná ṣì máa ń wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ọ́. Ẹ wá tú spindle kúrò lára rẹ̀, ẹ yí mítà sí ohm, ẹ fi ẹnu kan kan pin kẹrin, ẹ fi èkejì kan ara spindle níbi tí kò sí ọ̀dà. Kò yẹ kó ju ohm 1 lọ. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí mítà kò bá mira, ẹ pe oníṣẹ́ iná kó jó wáyà earth mọ́ ọn kí ẹ tó tún lò ó.