Yógọ́ọ̀tì ọ́gáníìkì tí mò ń jẹ, lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ ńlá rà á

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jẹ yógọ́ọ̀tì ọ́gáníìkì yìí, ìyẹn èyí tí ohun èlò rẹ̀ ti oko tí kì í lo oògùn àti ajílẹ̀ tí òfin kà léèwọ̀ wá, láti ìgbà tó ṣì wà lọ́wọ́ ìdílé tó dá a sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ti rà á báyìí. Ẹ ò lè mọ̀ tẹ́ ẹ bá wo iwájú ike nìkan, torí orúkọ rẹ̀ àti àwòrán màlúù tó ń jẹko ò yí padà. Ẹnu mi ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Èyí tí wọ́n fi èso sí ti dùn jù, kíkan rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́, ó sì ń fà lọ́nà tí wàrà lásán kì í gbà fà.

Mo bá yí ike náà wò lẹ́yìn. Ohun tó bá wúwo jù ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú níbẹ̀. Wàrà ló ṣì wà lókè, ṣùgbọ́n ṣúgà ló tẹ̀ lé e, kí èso tó dé. Sítáàṣì, ìyẹn ìyẹ̀fun tó ń mú oúnjẹ ki, náà ti wọlé. Kí wọ́n tó ta ilé-iṣẹ́ náà, èso ló ń ṣáájú ṣúgà, kò sì sí sítáàṣì níbẹ̀ rárá.

Àwọn kan á ní ayédèrú ni. Rárá o. Àmì ọ́gáníìkì ìjọba Amẹ́ríkà ṣì wà lára rẹ̀, ó sì tọ́ sí i. Láti 2002 ni òfin ti ní kí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ohun èlò rẹ̀, yàtọ̀ sí omi àti iyọ̀, jẹ́ ọ́gáníìkì, bó sì ṣe de ilé-iṣẹ́ ńlá náà ló de kékeré. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe gbin ìrèké ni àmì yẹn ń sọ, kì í ṣe bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó nínú ike. Ṣúgà ọ́gáníìkì, ṣúgà náà ni.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ dùn mí ju ti adùn ẹnu lọ. Kò sí ohun tó ní kí ẹni tó ra ilé-iṣẹ́ máa bá àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ ṣòwò lọ. Ní 2017, Danone, ilé-iṣẹ́ oúnjẹ ńlá ilẹ̀ Faransé, ra ilé-iṣẹ́ WhiteWave, tó ni Horizon Organic tó ń ta wàrà ọ́gáníìkì. Nígbà tó di 2021, wọ́n sọ fún oko 89 ní àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà pé àwọn máa fòpin sí àdéhùn wàrà wọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọdún mẹ́ta gbáko ni ilẹ̀ gbọ́dọ̀ fi wà láìrí oògùn àti ajílẹ̀ tí òfin kà léèwọ̀ kó tó lè di ọ́gáníìkì, ọdún kan sì ni ti agbo màlúù. Ẹni tó ti ṣe gbogbo ìyẹn tí oníbàárà rẹ̀ já a sílẹ̀, ta ni kó wá ta wàrà fún? Ní 2024, Danone náà ta Horizon fún Platinum Equity, ilé-iṣẹ́ olùdókòwò kan.

Nígbà míì, ọjà fúnra rẹ̀ ló máa ń parẹ́. Coca-Cola ra ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún Honest Tea, tó ń ta tíì ọ́gáníìkì inú ìgò, ní 2008, ó ra ìyókù ní 2011, ó sì dá a dúró ní 2022.

Òótọ́ ni pé owó ńlá máa ń gbé irú oúnjẹ yìí dé ibi tí kò dé tẹ́lẹ̀, mo sì mọrírì ìyẹn gan-an.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún eléso. Èyí tí kò ládùn ṣì dára: wàrà àti bakitéríà tó ń mú un dì nìkan ló wà nínú rẹ̀, kíkan rẹ̀ sì pé. Mẹ́rin ni tirẹ̀. Òun ni mò ń rà báyìí, èmi ni mo sì ń gé èso sí i. Mo ti kọ̀wé béèrè oko tí wọ́n ti ń gba wàrà. Bí wọ́n bá dárúkọ wọn, màá fi ìràwọ̀ karùn-ún kún un.